Ènì Tí Ó Wà Nínú Ẹgbẹ̀rún

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, kí ọjọ́ kan tó dé tí èmi fúnra mi di àgbà òṣìkà inú òwe náà. Apakun, ní ẹkùn Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, ní ọdún 2021. Ohun kékeré kan tí kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ ni ó dá ìjà sílẹ̀. Nígbà tí mo wá ìdí ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé ìtàn rẹ̀ gùn ju bí mo ti rò lọ. Ọ̀rọ̀ kíkà ni, ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni, ó sì ti wà láàárín àwa Yorùbá láti ìgbà tí a ti ń ná owó ẹyọ. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi ná.

Láàárín ọdún 1993 sí 1998, nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, mo gbé rẹ́kọ́dà kiri ìlú àti abúlé ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ìsẹ́yìn, mo ń gba ohùn àwọn asunrárà àti ti àwọn obìnrin tí ó mọ ẹkún ìyàwó sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì 210 ni mo kó jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gba wákàtí kan. Púpọ̀ nínú àwọn tí ohùn wọn wà níbẹ̀ ti di ẹni ilẹ̀. Téèpù kì í sì bá ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ṣe ọ̀rẹ́ pẹ́ títí. Nígbà tí mo gbọ́ tí ohùn àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rì, mo pinnu pé kí a gbé gbogbo wọn sínú kọ̀ǹpútà, kí a sì ṣe ẹ̀dà wọn sínú fúláàṣì kan tí yóò máa wà ní ilé mìíràn, kí iná tàbí olè má baà fi ọjọ́ kan ṣoṣo pa iṣẹ́ ọdún mẹ́fà run.

Ọmọ àbúrò mi tí ó ń gbé ní Apakun ni ó bá mi ṣe iṣẹ́ náà. Kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, bí kọ̀ǹpútà ti kà á, jẹ́ megabyte 605. Fúláàṣì tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wọn, gigabyte 128 ni wọ́n kọ sí i lára. Mo ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ pé megabyte 1,024 ni ó wà nínú gigabyte kan. Mo mú bírò, mo ṣe ìṣirò: 128 lọ́nà 1,024 jẹ́ 131,072, mo fi 605 pín in, ó fún mi ní 216 àti díẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì 210 yóò wọlé, àyè mẹ́fà yóò sì ṣẹ́kù.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di orí 201, kọ̀ǹpútà ní òun kò gba nǹkan kan mọ́. Mẹ́sàn-án wà ní ìta. Nínú àwọn mẹ́sàn-án náà ni ohùn ìyá arúgbó kan wà ní Ìsẹ́yìn, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ó jókòó tì mí, tí ó sì tún ẹkún tí òun fúnra rẹ̀ sun ní ọjọ́ tí ó ń lọ sí ilé ọkọ sun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà, mo rí i pé gigabyte 119 ni ó pe fúláàṣì tí mo rà ní 128. Inú bí mi. Mo mú un, mo gba ṣọ́ọ̀bù ọmọ náà lọ.

Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, gigabyte mẹ́sàn-án mi dà?"

Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Bí ó ṣe ń ti ilé-iṣẹ́ wá nìyẹn. Gbogbo wọn ni ó máa ń rí bẹ́ẹ̀."

Mo dá a lóhùn pé bí gbogbo olè bá jọ ń jalè, ìyẹn kò sọ olè jíjà di iṣẹ́. Mo pè é ní olè lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ká owó mi fún mi láìsọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ènìyàn tí ó dúró níbẹ̀ gbà mí gbọ́, nítorí pé irun orí mi ti ń funfun, èdè mi sì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Mo retí pé kí ó bá mi bínú. Ẹ̀rín ni ó rín. Ó ní, "Kíkà ta ni ẹ fi kà á?" Ìbéèrè yẹn dá mi dúró gbọnin, nítorí pé ìbéèrè tí èmi fúnra mi máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni, nígbàkúùgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ owó ẹyọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ti ọ̀dọ̀ owó ẹyọ bẹ̀rẹ̀.

Owó ẹyọ kì í ṣe ohun tí ó hù ní ilẹ̀ wa. Erékùṣù Maldives ní Òkun Íńdíà ni púpọ̀ rẹ̀ ti wá, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún ni àwọn Potogí sì ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o dé etí òkun wa. Àwọn ará Họ́láǹdì àti Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ tilẹ̀ jẹ́ àjèjì, kíkà rẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Okùn márùn-ún jẹ́ igba. Igba mẹ́wàá jẹ́ ẹgbàá, èyíinì ni 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá kún àpò kan, àpò náà ni à ń pè ní ọ̀kẹ́. Bí ó ṣe di pé ọ̀kẹ́, tí í ṣe orúkọ àpò, di orúkọ iye nìyẹn: 20,000. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ sì ni ohun tí a ń pè ní mílíọ̀nù kan lónìí. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìgbésẹ̀ náà kò dọ́gba: a ń fi àrún pọ̀ sí i, a tún ń fi ẹ̀wá pọ̀ sí i. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ń ṣì í kà, nítorí pé orúkọ kọ̀ọ̀kan ní iye kan ṣoṣo tí gbogbo ọjà mọ̀.

Adolphus Mann, ajíyìnrere C.M.S. tí ó ti gbé ní Ìjàyè kí ogun tó tú ìlú náà ní 1862, kọ nípa ètò òǹkà wa nínú àròkọ kan tí a tẹ̀ jáde ní 1887. Ó ṣe àpèjúwe bí àwọn olùkàwó ṣe ń da ẹyọ sílẹ̀ ní òkìtì, tí wọ́n ń fi ọwọ́ fa márùn-ún-márùn-ún: fífà mẹ́rin di ogún, ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Lójú tirẹ̀, ibẹ̀ ni àṣà dídín tí ó kún inú òǹkà wa ti jẹyọ.

Ohun tí ó wà nínú òǹkà Yorùbá tí mo fẹ́ kí á fi ọkàn sí jù ni ọ̀rọ̀ kékeré méjì wọ̀nyí: *lé* àti *dín*. Nígbà tí a bá ka márùndínlógún, orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń wí fún wa pé ogún ni a ń lọ bá, márùn-ún ni ó dín. Nígbà tí a bá ka mẹ́rìnlélógún, orúkọ náà ń jẹ́wọ́ pé ogún ti pé, mẹ́rin ni ó lé. Òǹkà wa kò mọ bí a ti í fi àlékún pamọ́. Ohun tí ó bá lé, a ó pè é. Ohun tí ó bá dín, a ó sọ ọ́. Ẹ fi èyí sí ọkàn, nítorí pé òun ni a ó fi yanjú ọ̀rọ̀ Apakun.

Ṣé òǹkà tí ó mọ́ gaara báyìí gba àwọn baba wa lọ́wọ́ ìrẹ́jẹ bí? Rárá o. Àwọn oníṣòwò Yúróòpù ń fi ìwọ̀n ra ẹyọ ní òkè òkun. Àwọn ènìyàn wa ń fi kíkà ná an níhìn-ín. Ẹyọ tí ó kéré ni ó ń pọ̀ jù nínú ìwọ̀n kan náà. Ẹni tí ó bá fi òṣùwọ̀n kan rà, tí ó sì fi òmíràn tà, èrè rẹ̀ wà ní àárín òṣùwọ̀n méjèèjì. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé ènìyàn wà lára ohun tí wọ́n fi ẹyọ yìí rà. A ti fi ọ̀kẹ́ díwọ̀n ọmọ ènìyàn rí ní etí òkun yìí.

Láti àwọn ọdún 1850 sí ìwájú, àwọn oníṣòwò Hamburg láti ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyọ mìíràn wá sí Èkó láti Zanzibar ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ẹyọ náà tóbi, ó wúwo ju ti Maldives lọ. Kíkà rẹ̀ kò yí padà, 20,000 ṣì ni ọ̀kẹ́ kan. Ṣùgbọ́n alárùú tí ó ń ru ọ̀kẹ́ kan mọ ìyàtọ̀ tí ó wà ní ọrùn rẹ̀. Ẹyọ pọ̀ jù, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀. Ní àkókò tí Samuel Johnson ń kọ ìwé ìtàn rẹ̀, èyí tí ó parí ní 1897, sísì ni ẹgbàá, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ ṣílè márùn-ún. Nígbà tí ó di 1904, ìjọba amúnisìn fi òfin de kíkó ẹyọ wọlé.

Ní ilẹ̀ àwọn Bambara ni a ti rí àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù lọ. Nígbà tí Mungo Park, ọmọ Scotland, dé agbègbè Ségou ní 1796, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Mali lónìí, ó kíyè sí i pé bí wọ́n bá ń ka ẹyọ, ọgọ́rin ni wọ́n ń pè ní ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá ń ka ohun mìíràn, ọgọ́rùn-ún wọn pé. Bí a bá sì fi ẹ̀wá pọ̀ ọ́, 800 ni ó ń jẹ́ ẹgbẹ̀rún ẹyọ lọ́dọ̀ wọn. Kò sí olè nínú èyí. Gbogbo ará ilẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Àjèjì tí ó bá ti ibi tí ọgọ́rùn-ún ti pé wá, tí kò sì bèèrè, ni yóò máa pariwo pé wọ́n ja òun lólè.

Kí a má sì rò pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ nìkan ni. Àwa tí a jẹ́ ọmọdé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973 rí irú rẹ̀ ní ojú ara wa, nígbà tí náírà gba ipò pọ́n-ùn. Náírà méjì ni pọ́n-ùn kan. Kí náírà tó dé, kọ́bọ̀ ni Yorùbá ti ń pe pẹ́nì, 240 rẹ̀ ni ó sì wà nínú pọ́n-ùn. Ìjọba wá mú orúkọ kan náà fún owó tuntun, ṣùgbọ́n 200 péré nínú kọ́bọ̀ tuntun ni ó wà nínú pọ́n-ùn kan náà. Kọ́bọ̀ mẹ́fà àtijọ́, tí í ṣe sísì, kọ́bọ̀ márùn-ún tuntun ni. Ìyá ọlọ́jà tí ó bá ń ta ọjà ní kọ́bọ̀ mẹ́fà lánàá, tí ó tún ń tà á ní kọ́bọ̀ mẹ́fà lónìí, ti fi ìdá kan nínú márùn-ún gbówó lé e, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Orúkọ kò yí padà. Iye ti yí.

Pẹ̀lú ìtàn wọ̀nyí lọ́kàn wa, a lè padà sínú kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó kéré jù lọ tí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ ni bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí iná tí ó tàn tàbí tí ó kú. Bit ni wọ́n ń pè é. Claude Shannon, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ni ó lo ọ̀rọ̀ náà nínú iṣẹ́ ńlá tí ó tẹ̀ jáde ní 1948, ó sì sọ pé John Tukey ni ó dá a lábàá. Werner Buchholz, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ IBM, ni ó dá ọ̀rọ̀ byte sílẹ̀ ní 1956 fún àkójọ bit. Láti ìgbà tí IBM ti gbé kọ̀ǹpútà System/360 jáde ní 1964 ni bit mẹ́jọ ti fìdí múlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí byte kan.

Ẹni tí ó bá ti rí ọ̀pẹ̀lẹ̀ kò ní pẹ́ lóye èyí. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, mẹ́rin ní ọ̀tún, mẹ́rin ní òsì. Ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dé. Ojú kan fún wa ní ọ̀nà méjì, ojú méjì fún wa ní mẹ́rin, mẹ́ta fún wa ní mẹ́jọ, mẹ́rin fún wa ní mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí mẹ́jọ bá pé, ó di 256, iye odù Ifá gan-an. Byte kan pẹ̀lú, nítorí bit mẹ́jọ inú rẹ̀, ọ̀nà 256 ni ó lè gbà jókòó. N kò sọ pé àwọn babaláwo ni ó ṣe kọ̀ǹpútà o. Irú ìfọ́nnu bẹ́ẹ̀ kò bu ọlá fún Ifá, kò sì bu ọlá fún ìmọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìlọ́po èjì kì í ṣe ohun tí ó ṣòro fún Yorùbá láti fi ọpọlọ gbé.

Inú ìlọ́po èjì yìí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà dà bí ilé tí ó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ yàrá. Wáyà ni a fi ń pe nọ́ńbà yàrá kọ̀ọ̀kan, wáyà kan tí a bá sì fi kún un ń sọ iye yàrá tí a lè pè di ìlọ́po méjì. Wáyà mẹ́wàá á pe yàrá 1,024. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wò ó pé 1,024 sún mọ́ 1,000. Láti 1795 ni àwọn ará Faransé sì ti fi kilo jẹ́ orúkọ ẹgbẹ̀rún nínú òṣùwọ̀n wọn. Òun náà ni kílò tí a ń fi wọn ẹran lọ́jà, gíráàmù 1,000. Wọ́n mú orúkọ yìí, wọ́n fi pe 1,024: kilobyte.

Yorùbá kì bá tí ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ó lé mẹ́rìnlélógún ni a ó pè é. *Lé* ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gbé mì. Mẹ́rìnlélógún tí ó lé yìí dà bí ènì tí ìyá ọlọ́jà ń bù sí gààrí lẹ́yìn tí kóńgò bá ti kún. Ènì dára, ènì ń mú oníbàárà padà wá. Ṣùgbọ́n ènì kì í ṣe ara kóńgò. Bí ó bá pẹ́ tí a ti ń gba ènì, tí a kò sì dárúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí ẹnìkan bá wọn kóńgò geere fún wa ni a ó pè é ní olè.

Ènì yìí kò dúró ní kékeré. Megabyte ní kíkà geere jẹ́ byte 1,000,000, tí í ṣe àádọ́ta ọ̀kẹ́. Ní kíkà elénì, 1,024 lọ́nà 1,024 ni, ó sì jẹ́ 1,048,576. Gigabyte geere jẹ́ 1,000,000,000. Ti elénì jẹ́ 1,073,741,824. Nínú ọgọ́rùn-ún, ènì kilobyte jẹ́ 2.4, ti megabyte fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5, ti gigabyte lé ní 7, nígbà tí a bá sì dé terabyte, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 10. Bí àpò bá ṣe ń tóbi sí i ni àṣìlóye ń tóbi sí i.

Àwọn tí ń ṣe díísìkì ń fi kíkà geere kọ ọ́ sí ara ọjà wọn. Ètò Windows inú kọ̀ǹpútà ń fi kíkà elénì kà á, ṣùgbọ́n orúkọ kíkà geere ni ó ń kọ sí ojú rẹ̀. Ẹ tilẹ̀ rántí díísìkì pẹlẹbẹ tí gbogbo wa lò ní àwọn ọdún 1990, èyí tí wọ́n kọ 1.44 megabyte sí lára. Byte 1,474,560 ni ó gbà. Bí ẹ bá fi kíkà geere wò ó, kò jẹ́ 1.44, bí ẹ bá fi kíkà elénì wò ó, kò jẹ́ 1.44. Wọ́n fi 1,000 pọ̀ 1,024 ni, wọ́n sì pe ìyẹn ní megabyte. Òṣùwọ̀n kẹta nìyẹn, lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹnìkan ti pe Western Digital lẹ́jọ́ nítorí díísìkì rẹ̀. Ní 2006 ilé-iṣẹ́ náà gbà láti fi ìpẹ̀tù parí rẹ̀. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ìgbìmọ̀ àgbáyé tí ó ń rí sí òṣùwọ̀n ohun iná mànàmáná, tí a ń fi lẹ́tà IEC pè, ti wá orúkọ mìíràn fún kíkà elénì ní oṣù kejìlá ọdún 1998. Wọ́n ní kí kilobyte máa jẹ́ 1,000 geere, kí 1,024 máa jẹ́ kibibyte, kí ti megabyte jẹ́ mebibyte, kí ti gigabyte sì jẹ́ gibibyte. Ní èdè tiwa, wọ́n dá *lé* padà sínú orúkọ. Ní 2009, Apple jẹ́ kí kọ̀ǹpútà Mac bẹ̀rẹ̀ sí í fi kíkà geere ka díísìkì. Síbẹ̀ àwọn orúkọ tuntun náà kò wọ etí ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Mo jókòó, mo tún ìṣirò mi ṣe. Ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì mi ni a gé sí wẹ́wẹ́ ní ìgbà 44,100 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ègé kọ̀ọ̀kan gba byte méjì, etí ọ̀tún àti ti òsì sì gba tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Byte 176,400 nìyẹn nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, wákàtí kan sì jẹ́ 635,040,000. Megabyte 635 ni ní kíkà geere. 605 tí kọ̀ǹpútà wí fún mi jẹ́ kíkà elénì. Fúláàṣì náà gba byte 128,000,000,000. Bí a bá fi 635,040,000 pín in, ó jẹ́ 201 àti ààbọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì 201 ni ó sì wọlé. Bí a bá fi kíkà elénì ka àpò náà, 119 àti díẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí kọ̀ǹpútà ti wí. Kò sí byte kan ṣoṣo tí ó sọnù. Èmi ni mo fi òṣùwọ̀n kan wọn ẹrù, tí mo sì fi òmíràn wọn àpò.

A kò lè sọ nítorí èyí pé kò sí olè nínú òwò náà. Ayédèrú fúláàṣì wà, tí wọ́n ti yí ohun tí ó ń wí nípa ara rẹ̀ padà: gigabyte mẹ́jọ péré lè wà nínú rẹ̀ kí ó máa pe ara rẹ̀ ní 128. Irú èyí yóò gba ẹrù tán, nígbà tí a bá fẹ́ kó o jáde ni a ó rí i pé ó ti bàjẹ́. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé kí a kó nǹkan kún inú rẹ̀, kí a sì tún kà á jáde padà láti wò bóyá ó pé. Ìdí pàtàkì nìyí tí ó fi yẹ kí á mọ ìṣirò náà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò pe olóòótọ́ tí 128 rẹ̀ ń jẹ́ 119 ní olè, yóò sì kí ayédèrú tí ó bá kọ 128 gbágá sí ojú kọ̀ǹpútà pé ó káre. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ dátà tí à ń rà lórí fóònù. Bit ni wọ́n fi ń ka bí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń sáré tó, byte ni wọ́n fi ń ka ẹrù tí ó gbé. Íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ń sáré ní megabit mẹ́jọ, megabyte kan péré ni ó ń gbé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Mo padà sí Apakun. Mo dúró ní iwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọ náà, lójú àwọn oníbàárà, níbi tí mo ti bú u. Mo sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́ pé kò jí nǹkan kan, pé èmi ni n kò mọ̀ ọ́n kà. Ó ní, "Bàbá, ó ti tán, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Mo bi í léèrè ohun tí ó máa ń wí fún àwọn mìíràn tí ó bá wá bínú. Ó ní òun kàn máa ń bẹ̀ wọ́n ni, nítorí pé òun náà kò mọ ìdí tí ó fi ń rí bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi kóńgò àti gààrí ṣàlàyé fún un. N kò tíì dé ìdajì tí ó fi pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Àṣé wọn kò bu ènì sí i ni!" Mo ra òmíràn lọ́wọ́ rẹ̀, oní-256, gbogbo kásẹ́ẹ̀tì 210 sì wọ inú rẹ̀, ti ìyá Ìsẹ́yìn pẹ̀lú.

Ọmọ náà kò mọ ohun tí ọ̀kẹ́ jẹ́. Ó rò pé ọ̀kẹ́ kàn túmọ̀ sí "púpọ̀" ni, nítorí pé *ọ̀kẹ́ àìmọye* ni ó ń gbọ́ lórí rédíò. Èyí ni ó kù tí ó ń dùn mí. Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn mí ju ti fúláàṣì lọ. Bí àwa tí ń kọ ìwé àti ìròyìn bá ń fi ọ̀kẹ́ pe 20,000 lónìí, tí a fi ń pe mílíọ̀nù lọ́la, tí a sì fi ń pe "púpọ̀" lọ́túnla, ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe sí kilo ni àwa náà ń ṣe sí ọ̀kẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì jìyà irú rẹ̀ lórí bílíọ̀nù: mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni ó jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ni ó jẹ́ ní Amẹ́ríkà, títí di 1974 tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi gba ti Amẹ́ríkà.

Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù kan. Bí a bá di èyí mú, Yorùbá lè ka byte dé ibikíbi tí byte bá dé, yóò sì máa pe ohun tí ó lé ní *lé*, ohun tí ó dín ní *dín*. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí a tó bèèrè pé mélòó ni, ẹ jẹ́ kí a máa kọ́kọ́ bèèrè pé kíkà ta ni. Ká ní mo ti bi ọmọ Apakun yẹn ní ìbéèrè kan yìí ni, n kì bá tí pè é ní olè.